Mi Ò Bá Yín Nílé

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo yí padà nínú ìwé náà, ẹ̀kọ́ ilé ló sì mú mi yí i padà.

Ilé iṣẹ́ wa kò tóbi. Yàrá mẹ́rin ni a gbà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táyà, òórùn rọ́bà sì máa ń bá wa gbé láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá ṣíwọ́. Áàpù ni a ń ṣe, àwọn ètò tí ènìyàn ń gbé sórí fóònù. Nínú gbogbo èyí tí a sì ti ṣe, ọ̀kan ṣoṣo ni a gbójú lé. Wàńlé ni a pè é. Bí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ bá jọ wà lórí Wàńlé, tí ẹ sì ti gbà fún ara yín, fóònù rẹ yóò sọ fún ọ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílé kí o tó wọ bàtà láti lọ kí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn òfo.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún kan ààbọ̀ ti kọjá tí a ti gbé e jáde, Ọ̀gá wa sì máa ń sọ pé bí a bá yọ ọkọ, ìyàwó, àbúrò àti àna àwa òṣìṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó ń lò ó, àwọn tó kù lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kí àyè sì ṣẹ́ kù fún àpò wọn.

Èmi ni mo ń darí ìpolówó. Ìmọ̀ èdè ni mo kà gboyè ní yunifásítì, n kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí pé n kì í jẹ́ kí gbólóhùn kan jáde láti ilé iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé àmì ohùn wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ní in, wọ́n sọ mí ní Àmì-Ohùn. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pè é. Èmi gbà á bí oyè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá pe èmi àti Bàbá Ìbejì sí yàrá ìpàdé, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kì í pa dé dáadáa. Bàbá Ìbejì ni olórí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọkùnrin oníkùn ńlá tí kì í kánjú, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ ara rẹ̀.

"Kò sówó rédíò," ni Ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀. "Kò sówó tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó kù ni orí wa. Ẹ gbé nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí wá. Bó bá di ìparí ọdún tá ò tíì rí èèyàn, a máa kó ẹrù wa sọ̀kalẹ̀, ká lọ bá wọn ta táyà."

Bàbá Ìbejì ronú díẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbé àga kan sí ibùdókọ̀, àga lásán, ká wá kọ ọ́ sára ẹ̀ pé, Ẹni tó ni àga yìí ò sí nílé."

"Wọ́n á jí àga yẹn gbé."

"Ẹni tó bá jí i á gbé e délé ara ẹ̀. Ìpolówó ti wọlé nìyẹn."

Ọ̀gá wò ó títí. "Mi ò kí ń mọ ìgbà tó ò ń ṣeré."

"Èmi náà ò kí ń mọ̀ ọ́n, sà."

Oríṣiríṣi ọgbọ́n ni a dá lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan ní kí a mú ọkùnrin kan dúró ní oríta pẹ̀lú pátákó tí a kò kọ ohunkóhun sí. Ẹnìkan ní kí a máa tẹ aago ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn, kí a sì máa sá lọ. Mo ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ni yóò bá wa parí ìpolówó náà. Nígbà tó yá ni mo rántí ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, kí fóònù tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fi sápò. Bí àlejò bá dé tí kò bá wa, yóò ya ìwé pélébé kan, yóò kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, yóò sì tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá mi a máa dúró ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó gbé òun jáde.

"Ohun tó yẹ ká ṣe nìyẹn," ni mo wí. "Ìwé kékeré, lábẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ máa ronú ẹni tó wá. Bó bá yí i padà, á rí orúkọ áàpù wa lẹ́yìn ẹ̀."

Bàbá Ìbejì dìde, ó mú kálámù, ó kọ ọ́ sójú pátákó pé: Mo wá, mi ò bá ọ nílé. Màá padà wá.

Mo gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa "ọ" rẹ́, mo sì kọ "yín" sí àyè rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ ló ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, Àmì-Ohùn," ó wí. "Ọ̀rẹ́ ò kí ń sọ pé yín."

"O ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ bàbá arúgbó ló bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀ ńkọ́? Á ní àwọn tó kọ ọ́ ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

"Bẹ́ ẹ bá ti fi yín sí i, ó ti di ọmọ tó wá kí òbí ẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

Ọ̀gá ló bá wa parí rẹ̀. "Ẹ fi yín sí i," ó wí, "yín ò pààyàn."

Ìwé tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ kò tíì ṣe tán lọ́jọ́ tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀ọ́dúnrún àkọ́kọ́. Bírò aláwọ̀ búlúù ni mo lò, lórí ìwé onílà tí a ya kúrò nínú ìwé ọmọ iléèwé. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi gún régé, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí mo kánjú kọ nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a lu òǹtẹ̀ kan tí kò ju èékánná lọ: Má rìn ín lófo mọ́. Wàńlé. Ọ̀gá ló ní kí òǹtẹ̀ náà kéré bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn má baà tètè mọ̀.

Ó ṣiṣẹ́ ju bí a ti lérò lọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn tó gba Wàńlé sórí fóònù wọn ti pọ̀ débi pé Bàbá Ìbejì kò rójú jẹun ọ̀sán, kí ẹ̀rọ má baà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò ìwé náà, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ọkùnrin kan ní òun rò pé onílé òun ni, ọjọ́ mẹ́ta ni òun sì fi ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Tọkọtaya kan jà, nítorí pé ìyàwó fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá ní kí a má jẹ́ kó tutù: ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, a ó tún ti ìwé kejì gba abẹ́ àwọn ilẹ̀kùn kan náà. Mo kọ ìyẹn náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́: Mo tún wá, mi ò bá yín nílé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìwé kejì jáde, obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wa wá. Aṣọ iṣẹ́ agbẹ̀bí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, oorun sì wà lójú rẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fọ́tò férémù kan tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ló wà níbẹ̀. Nínú férémù náà ni mo rí ìwé onílà pẹ̀lú bírò búlúù.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni," ni mo dáhùn. Mo rò pé ó wá yìn mí ni.

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ọwọ́ yín nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

Ó jókòó láìjẹ́ pé mo fi àga lọ̀ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi lọ bá ìyá mi sọ̀rọ̀," ó wí, "torí ó ti kọ̀ kò gba tèmi gbọ́."

Báyìí ni ó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ méjì ni ó bí, òun agbẹ̀bí yìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n náà bá bàbá wọn jà, tó gbé àpò kan ṣoṣo, tó sì jáde. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá kú ní ọdún karùn-ún. Kò sí ibi tí wọn yóò ti rí ọmọ láti sọ fún un. Ojú ìyá náà wá ń ṣe bàìbàì. Ọ̀tún ti lọ. Dókítà ní òun lè fi iṣẹ́ abẹ gba òsì là bí ó bá tètè wá, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ náà tó pé ni ìwé wa wọ abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Láti ìgbà yẹn, kò jáde mọ́," ni agbẹ̀bí wí. "Kò débi kànga, kò dé ẹnu géètì. Ó gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ń jókòó, ibẹ̀ ló ń sùn. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọjá, ó ní ọmọ òun ò ní wá lẹ́ẹ̀kejì kó má bá òun. Wọ́n ti tún ọjọ́ mìíràn dá fún wa. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la gbọ́dọ̀ wọlé, kí wọ́n ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Dókítà ní ojú yẹn ò ní dúró de ọjọ́ mìíràn mọ́."

"Ṣé ẹ ò fi ẹ̀yìn ìwé náà hàn wọ́n?"

"Òǹtẹ̀ tó kéré tó ojú abẹ́rẹ́ yẹn? Ta ni kó rí i? Mo kà á fún un. Ó ní láti kékeré ni mo ti ń jowú ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi gbà pé òun ni? Kò sí orúkọ níbẹ̀."

Agbẹ̀bí wò mí bí ẹni tó ń wò bóyá n kò gbọ́n ni. "Yín," ó wí. "Gbogbo àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ ìyá mi, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n. Wọn ò kí ń pe ara wọn ní ẹ̀yin. Èmi nìkan ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀, mo sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ fún òun, ta ló kù?"

Láti inú yàrá kejì, mo gbọ́ tí ọwọ́ Bàbá Ìbejì dúró lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá kí obìnrin náà tó sọ̀kalẹ̀ tán. Mo ní kí a dá ìwé kejì dúró.

"Nítorí ìyá kan?"

"Ojú ìyá náà fẹ́ fọ́, sà."

Ó gbé kálámù sílẹ̀. N kò lè sọ pé kò káàánú rẹ̀. Mo rí i pé ó káàánú rẹ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé àánú náà kò pẹ́ kó tó di ọgbọ́n. "Ọmọ tó sọnù," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyá tó ń dúró. Àmì-Ohùn, ká ní a wá ọmọ yẹn rí? Ká fi Wàńlé wá a, ká gbé kámẹ́rà dúró nígbà tó bá ń kanlẹ̀kùn. Ìpolówó wo ló tún kù láyé?"

Bàbá Ìbejì ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ tó bá lo ọdún mẹ́sàn-án láìwálé," ó wí, "ó mọ ọ̀nà ilé, sà. Kì í ṣe áàpù ló ń wá."

Ọ̀gá yí ojú sí fèrèsé. A jọ fà á síwá, fà á sẹ́yìn. Níkẹyìn, ó ní ìwé kejì kò ní ṣeé dá dúró mọ́, ṣùgbọ́n òun yóò sọ fún àwọn tó ń pín in kí wọ́n fo àdúgbò ìyá náà. Ó mi orí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ irú orí mímì bẹ́ẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ó rọrùn láti gbà á gbọ́, àti nítorí pé èmi náà fẹ́ kí ìwé kejì jáde. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, n kò ní fi ewé bò ó.

Ní Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, agbẹ̀bí pàdé mi ní ìkángun òpópónà wọn, bí a ti jọ ṣe àdéhùn. Ilé alájà kan ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì, a sì ti fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún nígbà kan rí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i díẹ̀díẹ̀, nítorí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní igun kan pẹ̀lú ìborí tí wọ́n rán fún un bí ẹni rán aṣọ fún ọmọ. Okùn ìwọn-aṣọ ṣì wà lára ìṣó. Àpótí kékeré tí wọ́n di ẹrù ilé ìwòsàn sí wà lábẹ́ tábìlì. Agbẹ̀bí ló dì í, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì papọ̀, ojú rẹ̀ sí ọ̀nà, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ta nìyẹn?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tí mo sọ fún yín ni, Màámi."

"Èyí tí wọ́n ní kó wá fà mí lọ sí ọsibítù?" Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi ojú tó kù wò mí. "Ara ẹ ò mà tó nǹkan. Wọn ì bá rán ẹni tó sanra."

"Èmi ò wá fà yín, mà. Mo wá sọ̀rọ̀ ni."

"Jókòó. Ọ̀rọ̀ ò wúwo, èmi náà lè gbé e."

Mo fa àpótí náà jáde lábẹ́ tábìlì, mo jókòó lé e. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé, gbólóhùn kan tẹ̀lé èkejì, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe; ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ó ti nawọ́ sí ògiri.

"Bá mi gbé ìyẹn wá."

Férémù náà ni. Fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó dájú pé ìyá rẹ̀ ló rán an. Ìwé mi wà níwájú fọ́tò náà, ó bo àyà rẹ̀. Ìyá náà fi ìka tọ gíláàsì lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìwò ó.

"Nígbà tó wà níléèwé, bí ẹsẹ̀ adìyẹ lọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ rí. Tíṣà ẹ̀ máa ń ní kí n wá kà á fún òun. Ẹ wò ó báyìí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Níbikíbi tó wà, wọ́n tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Ọwọ́ mi nìyẹn. Ní gbogbo ayé mi, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín báyìí, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò ẹ̀ ní irọ́ ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé agbẹ̀bí kò sí níbẹ̀. "Àmọ́ ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́, kì í ṣe ìyẹn. Yín tó kọ yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ló ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tó yá, mo wá rò ó pé bóyá àwa méjèèjì ló ní lọ́kàn. Èmi àti bàbá ẹ̀. Kò tíì gbọ́ pé bàbá ẹ̀ ti kú. Ó wá bẹ̀ ẹ́ ni, ó rò pé ó ṣì wà. Ṣé kí n wá máa lọ ọsibítù, kó wá bá ilé lófìfo, kó tún rò pé bàbá òun ló ní ká má ṣílẹ̀kùn?"

Agbẹ̀bí kọjú sí ògiri. Gbogbo gbólóhùn tí mo tò láti ilé ti tú ká. Ìgboyà mi lọ. Mo rò ó nínú ara mi pé bóyá n ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó lọ sí ilé ìwòsàn, kí òótọ́ dúró di ìgbà tí ojú bá ti san. Mo rò ó pé mo lè fi ara mi ṣe ẹni tí yóò dúró sí ilé náà dè é. Mo ti fẹ́ sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ ni, irọ́ kejì ni ì bá jẹ́, n ó sì ti pè é ní àánú.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ẹsẹ̀ níta.

Bàtà ènìyàn kan ni, ó ń yára bọ̀. Kò dúró ju bí ènìyàn ti ń mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìwé pélébé kan yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó sì fara kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ìyá náà. Ẹsẹ̀ níta ti kọjá sí ilé kejì.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ìwé náà lórí ilẹ̀ títí ó fi rí i. Ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Agbẹ̀bí kò gbà á. Èmi ló wò. Mo nawọ́ gbà á.

"Kà á."

"Mo tún wá," ni mo kà, ohùn mi sì jìnnà sí mi, "mi ò bá yín nílé."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn lójú Ìyá Aránṣọ, láti ibì kan dé ibòmíràn, bí abẹ́rẹ́ tó ń wá ibi tí òwú ti já.

"Àmọ́ mo wà nílé," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin méjèèjì wà níbí. À ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó gbọ́ ohùn wa." Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Kò kanlẹ̀kùn."

"Kò kanlẹ̀kùn, mà."

"Kí ló wà lẹ́yìn ìwé yẹn?"

Mo yí i padà. Mo kà á fún un: "Má rìn ín lófo mọ́. Wàńlé." Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ìyókù láìto ó: pé áàpù orí fóònù ni Wàńlé, pé ilé iṣẹ́ wa ló ṣe é, pé ọgbọ́n tí a dá kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ wá ni, pé lábẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn òpópónà náà ni ó wà, pé èmi ni mo kọ ọ́.

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Méjèèjì, mà."

"Èyí tó wà nínú férémù yìí, ọwọ́ tìẹ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

Ó gbé férémù náà sórí itan, ó dojú fọ́tò náà délẹ̀. Fóònù mi ń gbọ̀n nínú báàgì. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá ni, pé ó fẹ́ sọ iye àwọn tó ti wọlé láti àárọ̀ fún mi. Mo jẹ́ kó gbọ̀n títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Kí ló dé tó o fi kọ yín?" ni ìyá náà bi mí.

"Torí pé mi ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó lè jẹ́ àgbàlagbà. Mo ní kí n má rí wọn fín."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí aránṣọ tó ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. "Wọ́n kọ́ ẹ nílé. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ nígbà tó o wọlé." Lẹ́yìn náà ni ó wí, láìgbé ohùn sókè: "Ilé tí wọ́n ti kọ́ ẹ ní yín, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé kó kanlẹ̀kùn."

Mo ṣì ń gbọ́ ọ létí títí di òní.

Agbẹ̀bí ti ń sunkún ní ìdákẹ́jẹ́. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn férémù náà; lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ohun tí agogo wí. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un.

"Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa wá wa nìyẹn." Ó na ọwọ́ sókè kí a fà á dìde. "Gbé àga yìí kúrò lọ́nà. Kí ni gbogbo yín ń wò? Ojú òsì yìí, ó ní ohun tí mo fẹ́ fi wò lọ́jọ́ kan. Bó bá dé, mi ò ní kó jẹ́ ọwọ́ ni máa fi mọ̀ ọ́n."

Mo gbé àga náà kúrò. Agbẹ̀bí gbé àpótí. A ti dé ìta, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, kí ìyá náà tó dúró.

"Ṣọ́ọ̀kì mi."

"Màámi, a ó pẹ́."

"Inú dúróà ẹ̀rọ, lápá òsì. Èyí tó funfun."

Agbẹ̀bí tún ilẹ̀kùn ṣí, ó sì mú un wá: ṣọ́ọ̀kì pẹrẹsẹ tí àwọn aránṣọ fi ń sàmì sára aṣọ, etí rẹ̀ ti jẹ. Mo nawọ́ láti bá a kọ ohunkóhun tí ó bá fẹ́ kọ. Àṣà ọwọ́ mi ni. Kò fún mi.

"Ọmọ mi mọ ọwọ́ mi," ó wí.

Ó fi ọwọ́ òsì wọn ilẹ̀kùn, bí ẹni wọn aṣọ, láti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀; ó sì kọ ọ́ sára àwọ̀ ewé náà, lẹ́tà ńláńlá, ìlà kan ń gun orí èkejì:

Mo jade. Mo n bo. Duro de mi.

Kò sí yín níbẹ̀. Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣì í kà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì náà sínú àpò, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó sì di apá ọmọ rẹ̀ mú.

Wọ́n ń lọ sí ibi tí ọkọ̀ wà. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi àmì ohùn sí i. Ìka mi ti gbéra. Mo fi ọwọ́ mi sápò, mo sì tẹ̀lé wọn.